Àǹtí Tó Ń Fi Ojú Gbọ́ Yorùbá

Ọdún 1961 ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Yorùbá. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí èsì ọ̀hún, ìgbà tí mo tún un kà ni omi bọ́ lójú mi. Ọmọ bíbí Ìgbàyè ni mí. Bàbá mi kò sọ èdè mìíràn rí, ìyá mi kò gbọ́ òmíràn, ìyá ìyá mi sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń wá bá kó pa àlọ́ fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi odindi ọdún kan kà, mo sì yege nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí n má yege. Yorùbá tí mo rò pé mo ti gbé wá láti inú ìyá mi ló dójú tì mí.

Kíkẹ́lọmọ ni orúkọ mi. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ilé-ìwé mọ́dà, èyí tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo kà mọ, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Òkukù. Èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì. Mo ń pọn omi, mo ń se abẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, mo ń fọ aṣọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo sì kọ ìwé sí ní kí n mú èsì Gẹ̀ẹ́sì àti ti èdè kan mìíràn wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi.

Oyèwálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Àǹtí fún mi. Akọ̀wé ni, òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó réluwéè Òkukù, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ́dọ̀ wa. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó rí i pé ojú mi wú, ó béèrè ohun tó ṣe mí. Nígbà tí mo sọ fún un, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ó ní, "Obìnrin kan wà ní Ìníṣà, ìyàwó ọ̀gá mi àtijọ́. Òun ló kọ́ mi tí mo fi kúrò nídìí títún ojú irin ṣe, tí mo fi di akọ̀wé. Lọ bá a. Ṣùgbọ́n kí n sọ fún ọ kó o tó lọ: adití ni."

Mo rò pé èmi ni mi ò gbọ́ dáadáa. "Adití? Tó ń kọ́ ènìyàn ní Yorùbá?"

"Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀sán gangan ni kó o lọ o, kó o sì jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Kí n tó sọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé e dé ibi tí mo bá a. Láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, díẹ̀ díẹ̀, láàárín ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn.

Margaret Morádéyọ̀ Ọmọ́ṣẹ̀yìndé ni wọ́n ń pè é nígbà tó wà lọ́mọge. Ìkìrun ni wọ́n bí i sí, sínú ilé àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Matthew Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, bàbá rẹ̀, jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀pọ̀ nínú àga ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará ilé ń sọ pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, bàbá yìí rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà. Lọ́dún 1951 wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkukù, wọ́n sì fún un ní kíláàsì kẹrin. Ìwé kíkà sókè ló fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Ó ní bí òun bá ti ń ka ìtàn fún àwọn ọmọ òun, àwọn ti kíláàsì kẹta á máa yọjú lójú fèrèsé, tíṣà tiwọn á sì máa fi pankẹ́rẹ́ lé wọn padà sí àyè wọn.

Ní oṣù kejì ọdún 1954, ọyẹ́ kò tíì tán nílẹ̀, ibà kan mú un tó mú ọrùn rẹ̀ le gbagidi bí igi. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì fi dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́, ó rí i tí abọ́ irin kan bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì sórí sìmẹ́ńtì. Abọ́ náà yí gbirigbiri lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àwọn aláìsàn tó kù sì ta gìrì. Òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ rò pé àlá ni òun ń lá. Ó ké pe bàbá rẹ̀, ó mọ̀ pé òun ké nítorí ọ̀nà ọ̀fun dùn ún, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bàbá náà sáré wọlé, ó jókòó tì í, ẹnu rẹ̀ ń lọ, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní ohun tó dun òun jù lọ lọ́jọ́ náà ni pé òun kò mọ̀ bóyá òun ni bàbá òun ń bá sọ̀rọ̀ ni o, tàbí Ọlọ́run ló ń bẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ó padà sí Òkukù. Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù, ọ̀gá ilé-ìwé wọn, jẹ́ onínúure ènìyàn, ó ní kó gbìyànjú wò. Ó gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ogójì ọmọ ló wà níwájú rẹ̀, ogójì ẹnu tó ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kọjú sí pátákó, kò ní mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn òun. Lọ́jọ́ kan ó kọ ìṣirò tán, ó yíjú padà, ó bá gbogbo kíláàsì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di inú mú. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù fi ọwọ́ méjèèjì mú ìwé pélébé kan fún un. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé, "Ọmọ mi, àwọn alábòójútó ní a kò lè máa bá a lọ báyìí. Jọ̀wọ́, má ṣe bínú sí mi." Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Ìkìrun.

Wọ́n ti tọrọ rẹ̀ nígbà náà. Adéjàre ni orúkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, akọ̀wé réluwéè ní Ìníṣà. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ló sì sọ èyí tó le jù níbẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó tí kò ní í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀, ọmọ wo ló fẹ́ tọ́?" Ìyá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìkìrun, ẹnì kan sì kọ ọ́ sínú ìwé fún Morádéyọ̀. Ó di Bíbélì àti òrùka tí wọ́n fi tọrọ rẹ̀ sínú aṣọ funfun, ó fi rán ènìyàn sí Ìníṣà pé òun ti tú Adéjàre sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Adéjàre gbé ẹrù náà padà wá fúnra rẹ̀. Ó kí àwọn àgbà, ó wá jókòó síwájú Morádéyọ̀, ó tú aṣọ náà. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí rẹ̀, ó kọ̀wé sí ẹ̀yìn bébà kan tó wà nínú àpò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn: "Ojú rẹ ò fọ́. Máa wò mí."

Wọ́n gbéyàwó ní ìparí ọdún 1955.

Ètè ni ó ń wò láti fi mọ ohun tí ènìyàn ń sọ, ó sì mọ̀ ọ́n wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé ohùn ni èdè wa. Bí mo bá pe ọkọ, tí mo pe ọkọ́, tí mo tún pe ọkọ̀, bákan náà ni ètè mi máa rí. Ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó wọ ìró àti bùbá tuntun, ó jáde síta. Adéjàre wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹwà rẹ mà pọ̀ lónìí o!"

Morádéyọ̀ bojú wo ilé ìdáná. Ó ní, "Níbo ló ti pọ̀? Kóńgò kan péré ni mo rẹ sómi."

Adéjàre rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ojú Morádéyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ti ń rántí àwọn ọmọ Òkukù. Bí ọkùnrin náà ṣe dìde nìyẹn, tó na ọwọ́ síwájú àyà rẹ̀, tó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tó ní, "Ẹ." Ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ sí ọ̀gangan ikùn, ó ní, "Wà." Ó tọ́ka sí aṣọ tuntun náà. Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, "Ẹ̀-wà," ó tọ́ka sí ilé ìdáná. Ó yé Morádéyọ̀. Ó ní kó ṣe ti ọkọ̀ fún òun. Ó ní kó ṣe ti ìlú àti ìlù. Ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀: ọwọ́ nísàlẹ̀ fún ohùn ìsàlẹ̀, ọwọ́ láyà fún ti àárín, ọwọ́ ní èjìká fún ti òkè.

Lọ́dún 1957 ni Oyèwálé wá bẹ Adéjàre pé kó kọ́ òun ní Gẹ̀ẹ́sì tí òun máa fi ṣe ìdánwò akọ̀wé. Adéjàre kò ní sùúrù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì, inú ń bí ọ̀kan, ẹ̀rù ń ba èkejì, ni Morádéyọ̀ gbé omi kọjá tó sì rí ìwé náà. Àṣìṣe mẹ́rìndínlógún ló rí lójú ewé kan ṣoṣo. Ó gbé omi kalẹ̀, ó fa àga. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Adéjàre ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ohun tó rí lọ́jọ́ náà ni pé ohun tí òun kò lè fi ogójì ẹnu ṣe, òun lè fi ẹnu kan ṣoṣo ṣe é. Oyèwálé yege. Ó sọ fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà sọ fún ẹlòmíràn. Tíṣà kéékèèké láti Ìkìrun ń wá, akọ̀wé kóòtù ń wá, aránṣọ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà tí ọkọ rẹ̀ ń kọ sí i láti Kúmásì nìkan ló fẹ́ kà fúnra rẹ̀ láìsí alágbàkà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ó ti bí ọmọbìnrin kan nígbà náà, Adédùntán. Ìyá ọkọ rẹ̀, èyí tó sọ̀rọ̀ líle ọjọ́sí, ló wá ń bá a gbé ọmọ náà. Bí wọ́n bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ìyá yìí á jókòó sí ìta, á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé, "Ẹ rọra o! Ẹ má pariwo, ìyàwó mi ń kọ́ ènìyàn níwèé," bí ẹni pé ariwo lè dí i lọ́wọ́.

Ìyá náà ni mo kọ́kọ́ bá nígbà tí mo dé Ìníṣà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n wọlé, kí n má sì jẹ́ kí bàtà mi dún.

Obìnrin gíga tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo bá lẹ́yìn tábìlì, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Àga tó kọjú sí fèrèsé ló fi hàn mí, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí mi lójú. Ohùn rẹ̀ tutù, ó kàn ń lọ sókè díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ nígbà mìíràn, tí yóò sì tún wálẹ̀. Ó bi mí léèrè orúkọ mi, ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ewì kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ síwájú mi, ó ní kí n kà á:

Òjò ṣú lórí Ìkìrun, Ìníṣà ló lọ rọ̀ sí.
Ọkọ́ ń bẹ lókè àjà, ọkọ ń bẹ lábẹ́ igi;
Ọkọ̀ ti fọn fèrè, ọkọ̀ ti kọjá lọ,
Ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń wá fìlà.

Mo kà á wàràwàrà, kí ó lè mọ̀ pé mo mọ̀wé. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró. Mi ò rí ọ̀rọ̀ rẹ."

Mo tún un kà, mo pariwo sí i.

Ó mi orí. "Má pariwo. Ariwo ò wúlò fún mi. Ẹnu rẹ ni kò là, o kàn ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni tó ń gbé oògùn mì." Ó na ọwọ́. "Ìwé ìdánwò rẹ dà? Èyí tó o fi ń múra sílẹ̀."

Mo fún un ní ìwé tí mo ti ń kọ àròkọ mi. Ó ṣí i, ó ka ojú ewé mẹ́ta. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo rò pé ọmọ Yorùbá ló máa kà á, ó sì máa yé e.

"Ẹni tó ń máàkì ìwé rẹ," ló wí, "ṣé ó gbọ́ ohùn rẹ?"

"Rárá, Àǹtí."

"Adití ni òun náà nìyẹn. Adití ni gbogbo ẹni tó bá ń kàwé. Bí o bá kọ ọ́ kó yé èmi, yóò yé gbogbo ayé."

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó kọ́ mi láti fi ọwọ́ sọ ohùn kí n tó fi kálàmù kọ ọ́. Ó kọ̀ fún mi láti máa kó òwe jọ sínú àròkọ. Ó ní òwe kì í ṣe iyọ̀ tí wọ́n ń dà sínú gbogbo ìṣasùn. "Sọ ohun tí o rí," ló máa ń wí. Mo kọ nípa oko bàbá mi, ó ní kí ló dé tí mi ò kọ nípa ibi iṣẹ́ mi. Mo wá kọ nípa ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n di obìnrin kan lọ́wọ́ mú bó ti ń rọbí, bí èékánná rẹ̀ ṣe wọ̀ mí lára, tí mi ò sì fa ọwọ́ yọ. Ó kà á tán, ó dá ìwé náà padà fún mi. "Ó dára," ló wí. "Kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí." Bí mo ṣe mọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ ti dá mi lójú ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sá fún mi mọ́.

Lọ́jọ́ kan òjò dé bá wa níbẹ̀. Páànù orí ilé ń pariwo débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́, mo bá dákẹ́. Ó béèrè ohun tó dá mi dúró. Mo tọ́ka sí òkè, mo ní òjò ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Òjò ò dí èmi lọ́wọ́. Máa kà á lọ."

Mo ń ka ìwé tí èmi fúnra mi ò gbọ́, òun sì ń fi ìka lu tábìlì níbi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ pè. Nígbà tí òjò dá, mo gboyà bi í léèrè pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣì rántí bí òjò ṣe ń dún?"

"Mo rántí òjò," ló wí. "Mo rántí fèrè ọkọ̀ ojú irin, mo rántí aago ṣọ́ọ̀ṣì Ìkìrun. Ohùn ìyá mi ni mo ń gbàgbé." Ó ṣí ìwé sí ojú ewé mìíràn. "Ó yá, ka èyí."

Òṣogbo ni mo ti ṣe ìdánwò náà ní ìparí ọdún 1962. Nígbà tí èsì dé, mo yege nínú Yorùbá, mo sì tún yege nínú Gẹ̀ẹ́sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn méjì mìíràn tí Àǹtí kọ́ lọ́dún náà yege pẹ̀lú.

Kí n tó kúrò ní Òkukù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́dára wá sí ilé ìgbẹ̀bí wa. Ọ̀gá ni ní ilé-ìwé gíramà kan ní Ìkìrun. Ìyàwó rẹ̀ wá bímọ lọ́dọ̀ wa nítorí Òkukù ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ọ̀gbẹ́ni náà sì wá wo ìyá àti ọmọ. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣàlàyé oògùn fún ìyá arúgbó kan. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ń lọ sókè sódò bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ yìí," ni ọ̀gbẹ́ni náà wí, "kí lò ń fi ọwọ́ ṣe?"

Ojú tì mí. Mo ní ohùn ọ̀rọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo sọ fún un. Nígbà tí mo sọ iye àwa tó yege, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ọgbọ̀n ọmọ ló ṣe ìdánwò náà nílé-ìwé tèmi. Mẹ́fà péré ló yege Yorùbá."

Lọ́sẹ̀ kan náà ni mo mú un lọ sí Ìníṣà. Ó bẹ Àǹtí pé kó wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

"Mo dúpẹ́, sà," ni Àǹtí wí, "ṣùgbọ́n èmi ò wọ kíláàsì mọ́." Ó sọ ti Òkukù fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ níhìn-ín.

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́dára kò jiyàn. Ó kàn rọra sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ lè hàn: "Kí ni ẹ bá fẹ́ kí n yí padà, kó lè rọ̀ yín lọ́rùn?"

Àǹtí pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò bi òun ní ìbéèrè yẹn rí láti ọjọ́ tí òun ti dití. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó yí ojú sí i kó lè rí ẹnu òun: "Lọ, ìyàwó mi. Bí wọ́n bá tún rín ọ, èmi ni máa lọ bá wọn níbẹ̀."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fi ìwé ránṣẹ́. Ohun mẹ́ta ló béèrè. Àwọn ọmọ mẹ́wàá péré ni kí wọ́n máa wá lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n to àga yí òun ká. Òun kò sì ní fi pátákó ṣe nǹkan kan: òun á máa ti ilé kọ ẹ̀kọ́ sójú páálí ńlá, kí òun má baà kọ ẹ̀yìn sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́dára gba gbogbo rẹ̀.

Mo ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ló fi sọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe rí fún mi. Ó ní òun ń ṣàlàyé ewì, gbogbo ojú sì wà lára òun, àfi bí wọ́n ṣe bú sẹ́rìn-ín lójijì. Ó rántí Òkukù. Ó ní ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ gbé òun jáde. Ṣùgbọ́n ó dúró, ó wo ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àyànlọ́lá lójú, ó ní, "Sọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín fún mi, kí èmi náà lè rẹ́rìn-ín." Àyànlọ́lá dìde. Ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pé ewúrẹ́ kan ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ti gbé fìlà wọn jáde, ó sì ń jẹ ẹ́ níta gbangba lẹ́yìn Àǹtí. Àǹtí yíjú wo ojú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́dára ló rí tó ń lé ewúrẹ́ kiri. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé, "Kíkẹ́lọmọ, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn mí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí kí ẹnì kan pín ẹ̀rín fún mi nínú kíláàsì. Bá mi dúpẹ́."

Kò kúrò nílé-ìwé náà mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Adéjàre lọ sí ibùdó Ọ̀fà lọ́dún 1965, Ìníṣà ni wọ́n ṣì ń gbé. Adéjàre ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tó sì ń wọ̀ ọ́ bọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ má baà fi àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í nígbà kan bóyá kò rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọkọ̀ ló ń rìn, èmi ń jókòó ni."

Èmi náà jáde nílé-ẹ̀kọ́ lọ́dún 1966. Mo gbé aṣọ funfun mi wọ̀, mo lọ sí Ìníṣà láti lọ dúpẹ́. Mo ti kọ ọpẹ́ náà sílẹ̀ ní ojú ewé méjì, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá ní kí n fẹnu sọ ọ́, ẹkún á gbà á mọ́ mi lẹ́nu, ètè mi ò sì ní ṣeé wò. Mo dúpẹ́ nínú rẹ̀ pé ó gbà mí nígbà tí mo gbéraga. Mo dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí n mọ èdè tí mo rò pé mo mọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí àwọn abiyamọ bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìrora kò jẹ́ kí ohùn wọn jáde, ètè wọn ni mo ń wò, mo sì ń gbọ́ wọn.

Ó gba ìwé náà, ó lọ sídìí fèrèsé. Ó mú bírò pupa, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó fi àmì sí ibi méjì, ó tún un kà. Nígbà tó gbé ojú sókè, omi wà lójú rẹ̀.

"Ibi méjì péré," ló wí. "Ìyẹn dára púpọ̀."

Mo rò pé yóò dá a padà fún mi kí n tún un kọ. Ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán, ó ń bi mí léèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń fún wa nílé-ẹ̀kọ́ àti bóyá àwọn matírọ́ọ̀nù le koko bí wọ́n ṣe ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti jókòó níta tó ń dúró dè é, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó gbé ìwé lé orúnkún. Mo dìde kí n lè bá ọkọ̀ aago mẹ́rin. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó wúre fún mi, ó sì yíjú sí ọkùnrin náà pé kó máa wọlé bọ̀, kó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.